Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Apá Kíkà nínú Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Ibi Iṣẹ́

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi mí: "Mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń fi í kọ ímeèlì lójoojúmọ́, kí ló wá dé tí máàkì apá kíkà mi kì í gòkè?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń dáhùn ìbéèrè, a kì í fi ohun tí ìwé tó wà níwájú wa sọ dáhùn. Ẹni tó bá lè fi ìka lé ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ ti jáde ló ń gba máàkì. Ẹni tó bá ní "ó ṣáà máa jẹ́ B" ń ta tẹ́tẹ́ ni. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, bí ìka yín ṣe máa dé orí ìlà yẹn kí àkókò tó tán ni wọ́n dá lé.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdánwò tí ẹ ń lọ ṣe

Ìdánwò wọ̀nyí pọ̀, wọn ò sì rí bákan náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tàbí àjọ tó ní kí ẹ ṣe é: èwo gan-an ni, máàkì mélòó ni wọ́n sì ń fẹ́? Mẹ́ta tí ẹ lè bá pàdé nìyí.

- TOEIC Listening and Reading. Àjọ tí wọ́n ń pè ní ETS ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Apá kíkà ní ìbéèrè 100 fún ìṣẹ́jú 75. Part 5 ní gbólóhùn 30 tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ nínú wọn. Part 6 ní àyọkà mẹ́rin, àlàfo mẹ́rin-mẹ́rin ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Part 7 ní ìbéèrè 54: 29 lórí àyọkà tó dá dúró, 25 lórí àyọkà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Máàkì kíkà bẹ̀rẹ̀ láti 5 títí dé 495. Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kì í sọ pé ẹnì kan yege tàbí ó fìdí rẹmi, ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ ló ń sọ iye tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.
- IELTS General Training. Apá kíkà rẹ̀ ní ìbéèrè 40 fún ìṣẹ́jú 60, ní ìpín mẹ́ta. Ìpín kejì ló dá lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìpín kẹta sì jẹ́ àyọkà gígùn kan. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra yín nínú àwọn ìbéèrè kan, bí ẹ bá sì ṣi sípẹ́lì kọ, máàkì lọ nìyẹn.
- OET. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni. Apá kíkà rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 60, ìbéèrè 42. Part A ń fẹ́ kí ẹ wá ìdáhùn 20 jáde láti inú àyọkà kúkurú mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú 15 péré. Part B jẹ́ àyọkà kéékèèké mẹ́fà látinú ìwé ibi iṣẹ́. Part C jẹ́ àyọkà gígùn méjì.

TOEIC ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nísàlẹ̀, nítorí òun ló sún mọ́ ìwé ọ́fíìsì jù lọ. Ọ̀nà kíkà náà kò yí padà fún àwọn yòókù.

## Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ìdánwò àpẹẹrẹ láti ìkànnì àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà fúnra wọn. Wọ́n máa ń gbé díẹ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.
- Ìwé àjákọ kan tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn. Ìwé àṣìṣe ni màá máa pè é.
- Aago. Ti fóònù tó.
- Ìwé atúmọ̀ èdè tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì. Ní pípadé ni kó wà títí ẹ ó fi dáhùn tán.
- Ìwé ibi iṣẹ́ gidi: ìkéde fún òṣìṣẹ́, ìpolówó iṣẹ́, ìlànà dídá ọjà padà, ìwé ìlò ẹ̀rọ, ímeèlì oníbàárà.

Ìkìlọ̀: Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta "ìbéèrè tó ti jò" fún yín, ẹ sá fún un. Bóyá ayédèrú ni, ẹ ti sọ owó nù. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, wọ́n lè fagi lé èsì ìdánwò yín, orúkọ yín a sì bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ mẹ́fà

1. Ẹ ṣe odindi apá kíkà kan lábẹ́ aago kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun. Ẹ má ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ má dìde. Nígbà tí aago bá dún, ẹ sàmì sí ibi tí ẹ dé, kí ẹ wá fi bírò aláwọ̀ mìíràn parí ìyókù láìsí aago. Máàkì méjì lẹ máa ní: èyí tí ẹ gbà kí aago tó dún, àti èyí tí ẹ ì bá gbà ká ní àkókò ṣì wà. Bí àárín méjèèjì bá jìnnà, ìyára tí ẹ fi ń kà ni wàhálà yín. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, tí méjèèjì sì kéré, òye ni. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, òun ló fi yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ pín àṣìṣe yín. Ẹ kọ ọ̀kan nínú lẹ́tà wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ẹ kùnà:

- Ọ: ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀.
- K: mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mo kàn kà á kọjá ni.
- M: ìmọ̀ ara mi ni mo fi dáhùn, kì í ṣe ohun tí ìwé sọ.
- A: àkókò tán.

Lẹ́tà tó bá pọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rò pé Ọ ni tiwọn, wọ́n á wá lọ ra ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbàǹgbà kan. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni M ń bá fínra jù. Akọ̀wé owó tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á ka àyọkà nípa sísan owó ọjà, á sì dáhùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò sí nínú àyọkà.

3. Ẹ kà láìsí aago fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Àyọkà méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ tó. Kí ẹ tó yan A, B, C tàbí D, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó jẹ́rìí sí i, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìbéèrè náà sí etí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìlà kankan fà, ẹ má yan nǹkan kan. Ẹ kọ "n kò rí i", kí ẹ sì kọjá. Ó máa ń nira fún àwọn tó fẹ́ràn kí gbogbo àlàfo kún, àmọ́ "n kò rí i" ni yóò fi ibi tí òye yín ti ń jò hàn yín. (Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹ kò gbọdọ̀ fi àlàfo sílẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.)

4. Ẹ sọ àyọkà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ sọ ọ́ sókè. Bí ẹ kò bá lè sọ ẹni tó kọ ìwé náà, ẹni tó kọ ọ́ sí àti ohun tó ń fẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan lẹ kà, ẹ ò ì tíì gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Ilé nìkan ni kí ẹ ti máa ṣe èyí. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sí Yorùbá lórí àga ìdánwò kò ní dé ìdajì.

5. Ẹ dá aago padà díẹ̀díẹ̀. Fún àyọkà tó ní ìbéèrè mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tí ẹ bá ń gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ sọ ọ́ di márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Ẹ má dín in kù kí òye tó dúró. Ẹni tó ń sáré ka ohun tí kò yé e, àṣìṣe rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i.

6. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ ṣe odindi apá kíkà kan lọ́sẹ̀. Ọ̀kan péré. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ti àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà sì yẹ kó pẹ́ ju ìdánwò fúnra rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé èyí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wu ènìyàn kó máa ka iye ìdánwò tó ti ṣe.

## Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀

Mo kọ àyọkà méjì yìí fún àpẹẹrẹ. Ẹ dáhùn kí ẹ tó wo àlàyé mi.

> To: All second-floor staff
> From: Facilities Office
> Date: Monday, 3 June
>
> The two printers beside the meeting room will be taken away on Thursday morning. New machines were expected the same day, but the supplier now says they will not arrive until the following Monday. In the meantime, please use the printer on the first floor. Anyone who needs to print more than fifty pages should send the file to us by noon on Wednesday, and we will have it done outside the building. Staff cards will not work on the new machines until they have been registered again. The form is attached.

> To: Facilities Office
> From: Training Unit
> Date: Thursday, 6 June
>
> We have just finished the handbook for next Tuesday's course. It is eighty pages long and we need twelve copies. I know we have missed your deadline, but is there anything you can do?

1. What is the notice mainly about?
(A) A delayed meeting
(B) A temporary arrangement for printing
(C) A new printing company
(D) A rise in the cost of paper

2. When will the new printers arrive?
(A) On Monday, 3 June
(B) On Thursday, 6 June
(C) On Monday, 10 June
(D) On Tuesday, 11 June

3. What must staff do before using the new machines?
(A) Buy a new card
(B) Attend a course
(C) Complete a form
(D) Go to the first floor

4. By when should the Training Unit have sent its file?
(A) Monday morning
(B) Noon on Wednesday
(C) Thursday morning
(D) The following Tuesday

Ìbéèrè 1: B. Ẹ kò ní rí "temporary" níbikíbi nínú ìkéde náà. "In the meantime" ló dúró fún un. Ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń gbà ṣe é nìyí: ìdáhùn tó tọ́ sábà máa ń wọ aṣọ mìíràn, èyí tó jẹ́ pàkúté ló máa ń wọ aṣọ àyọkà gan-an. Ẹ wo A: "meeting" wà nínú ìkéde, nǹkan kan sì pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpàdé kọ́ ló pẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé wá láti inú àyọkà bó ṣe rí, ẹ fura sí i. Kò túmọ̀ sí pé ó ṣì, ó kàn ń bèèrè pé kí ẹ padà lọ wò ó.

Ìbéèrè 2: C. Àwọn tó yan B rí "Thursday", wọ́n rí "the same day", wọ́n sì dúró síbẹ̀. "Were expected" ló yẹ kó mú wọn fura: wọ́n ti retí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. "But" ló tẹ̀ lé e, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. "Will not arrive until the following Monday": àfi ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn ni yóò tó dé. Ọjọ́ Ajé 3 June ni wọ́n kọ ìkéde, Ọjọ́bọ̀ jẹ́ 6, Ajé tó tẹ̀ lé e jẹ́ 10. Ìdánwò máa ń fẹ́ kí ẹ ṣírò ọjọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka déètì orí ìwé kí ẹ tó ka ohunkóhun.

Ìbéèrè 3: C. "The form is attached" di "complete a form". Lóòótọ́, ẹlòmíràn á ní, "Ìwé náà kò sọ pé kí a kún fọ́ọ̀mù." Ó sọ pé káàdì kò ní ṣiṣẹ́ títí a ó fi tún un forúkọ sílẹ̀, ó sì so fọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Kò sí ohun mìíràn tí fọ́ọ̀mù náà wà fún. "Attend a course" ń bẹ nínú àyọkà kejì, ọ̀rọ̀ tí kò kan káàdì rárá.

Ìbéèrè 4: B. Irú ìbéèrè yìí ló ń ya àwọn tó ní máàkì gíga sọ́tọ̀. Ẹ̀ka Training sọ pé àwọn ti pẹ́ jù, wọn ò sọ ọjọ́. Ọjọ́ náà wà nínú ìkéde àkọ́kọ́. Ẹ̀rí méjì lẹ nílò: "missed your deadline" lápá kan, "by noon on Wednesday" lápá kejì. Mo fẹ́ kí ẹ tún wo ìdí tí "eighty pages" fi wà níbẹ̀. Gbèdéke Ọjọ́rú yẹn wà fún ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ ju àádọ́ta lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo ti ìwé olójú ogún ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí kàn wọ́n. Ní ìdánwò yìí, nọ́ńbà kan kì í ṣàdéédé wà nínú àwọn àyọkà tí wọ́n so pọ̀.

## Ibi tí ojú wa ti máa ń yọ̀

Àwọn nǹkan kan wà tí àwa tí Yorùbá jẹ́ èdè ìbílẹ̀ wa máa ń fi ojú fò, kì í ṣe pé a ò kọ́ wọn nílé ìwé.

*Ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀.* Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ara padà: mo lọ lánàá, mo máa lọ lọ́la, "lọ" ṣì ni. Nítorí náà ojú máa ń sáré kọjá "was scheduled", "had planned", "used to" àti "was to have opened". Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí ìwọ̀nyí nípa ohun tó yẹ kó ṣì wà níwájú, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ètò ti yí padà. Ẹ wá "but", "however" tàbí "instead" nítòsí.

*"Should have", "could have".* "You should have received your card" lè túmọ̀ sí pé ó yẹ kó ti dé ọwọ́ yín báyìí. "We should have told you" túmọ̀ sí pé a kò sọ fún yín. Gbólóhùn tó yí i ká ló ń sọ èyí tó jẹ́.

*"He" àti "she".* "Ó" ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà a kì í fi etí sí i. Nínú àyọkà àtẹ̀jíṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀, ìyàtọ̀ yẹn nìkan lè sọ ẹni tí yóò lọ pàdé oníbàárà.

*Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń dín ìlérí kù.* "Only", "except", "unless", "at least", "up to", "at the latest". "Up to 20% off" kò ṣèlérí 20% fún ẹnikẹ́ni. Ìpolówó ọjà kún fún irú èyí.

## Irú ìbéèrè àti bí ẹ ṣe lè mú wọn

"What is NOT mentioned?" Ó ń jẹ àkókò, nítorí ohun mẹ́ta lẹ máa wá, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ fi í sí ìkẹyìn nínú àwọn ìbéèrè àyọkà náà. Bí ẹ bá ti rí mẹ́ta nínú àyọkà, èyí tó kù ni ìdáhùn.

"What is suggested?", "most likely". Ọ̀pọ̀ rò pé àkókò àtifojú inú wòye ti dé nìyí. Rárá o. Ìgbésẹ̀ kan péré ni ìdáhùn fi máa ń jìnnà sí ohun tí wọ́n kọ. Bí ẹ bá nílò "bóyá" méjì kí ìdáhùn yín tó dúró, kì í ṣe òun.

"The word … is closest in meaning to". Ẹ padà sínú gbólóhùn. Bí wọ́n bá kọ "We will address the problem tomorrow", ìtumọ̀ "address" níbẹ̀ ni "deal with", bó tilẹ̀ jẹ́ pé "send" àti "speak to" náà lè wà lára àwọn ìdáhùn. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni wọ́n máa ń fi dẹ pàkúté. Ẹ fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tún gbólóhùn kà.

Fífi gbólóhùn sí ipò rẹ̀ nínú àyọkà, ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin tí wọ́n sàmì sí láti [1] dé [4]. Ẹ wo inú gbólóhùn tí wọ́n fún yín: ṣé "this", "these", "also", "such" tàbí "then" wà níbẹ̀? Ẹ wá ohun tí ó ń tọ́ka sí. Ẹ̀yìn nǹkan yẹn gan-an ni ipò rẹ̀.

True, False, Not Given (IELTS). Bí àyọkà bá ta ko ọ̀rọ̀ náà, False. Bí kò bá sọ ohunkóhun tó tì í lẹ́yìn tàbí tó ta kò ó, Not Given, kódà bí ẹ̀yin bá mọ̀ dájú pé òótọ́ ni. Àṣìṣe M tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ níbí ju ibikíbi lọ.

Part 5 (TOEIC). Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, bíi "decide, decision, decisive, decisively", ẹ má fi ìtumọ̀ da ara yín láàmú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àlàfo àti èyí tó tẹ̀ lé e. "Made a quick ____" ń fẹ́ orúkọ: "decision". Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fún irú èyí.

## Àkókò

Fún TOEIC, ìpín tí mo fara mọ́ nìyí: ìṣẹ́jú 11 fún Part 5, 9 fún Part 6, 55 fún Part 7. Ìyẹn fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní Part 7 ní bí ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó ń sọ fún yín pé kí ẹ kúrò ní apá kan bọ́ sí òmíràn, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ aago fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ìṣẹ́jú 20 lórí Part 5 nítorí gírámà dùn mọ́ wọn, wọ́n á wá máa fi ojú kan wo àyọkà mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Ṣé ìbéèrè ni kí a kọ́kọ́ kà ni, tàbí àyọkà? Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn tó pọ̀ lórí èyí. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí ẹ wo orí ìwé (ta ló kọ ọ́, sí ta, déètì wo), kí ẹ ka ìbéèrè àkọ́kọ́ láìka àwọn ìdáhùn abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá wọ inú àyọkà. Ìdáhùn mẹ́rin fún ìbéèrè márùn-ún jẹ́ gbólóhùn ogún, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ irọ́. Kò yẹ kí irọ́ ṣáájú òtítọ́ wọ orí yín.

Ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀. TOEIC àti IELTS kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ́. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, ẹ yan lẹ́tà kan, kí ẹ fi kún gbogbo èyí tó kù.

## Ìwé àṣìṣe

Ìlà mẹ́rin péré fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan:

- Gbólóhùn tí ẹ̀rí wà nínú rẹ̀, ẹ dà á kọ bó ṣe rí.
- Ìdáhùn tó tọ́, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó rọ́pò ti àyọkà.
- Ìdáhùn tí ẹ yàn, àti ohun tó fà yín lọ síbẹ̀.
- Lẹ́tà rẹ̀: Ọ, K, M tàbí A.

Ìlà kejì ló níye lórí jù. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó ti ní àkójọ tiyín: "taken away" di "removed", "free of charge" di "at no cost", "is out of stock" di "is not available", "put off" di "postponed". Ẹ ka àkójọ yìí ju ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ lọ.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Ṣíṣí ìwé atúmọ̀ èdè lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yéni. Ẹ kọ́kọ́ fi gbólóhùn tó yí i ká gbìyànjú rẹ̀.
- Kíka ìròyìn àti ìtàn nìkan. Wọ́n dára, àmọ́ wọn ò ní kọ́ yín bí ìwé owó ọjà tàbí àtẹ ìpàdé ṣe rí.
- Fífò fọ́ọ̀mù, àtẹ àti ọ̀rọ̀ kéékèèké ìsàlẹ̀ ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí.
- Fífi pẹ́ńsù fàlà sínú ìwé ìdánwò. Nílé ó dára, ṣùgbọ́n TOEIC orí pépà kò gbà yín láyè láti kọ nǹkan sínú ìwé ìbéèrè. Láti àárín ìgbaradì yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka nìkan tọ́ka.
- Ní IELTS, kíkọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ní kó má ju méjì lọ. Wọn ò ní fún yín ní ìdajì máàkì.
- Ṣíṣe ìdánwò àpẹẹrẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí inú ènìyàn sì máa dùn pé máàkì ń gòkè. Ẹ ti há a sórí ni.

## Bí ọ̀nà yìí kò bá bá yín mu

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àkókò yín kò tó. Ẹ mú àyọkà kan ní àárọ̀, ìbéèrè mẹ́ta. Ní alẹ́, ẹ kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ kò ní ìdánwò àpẹẹrẹ mọ́. Ẹ mú ímeèlì tàbí ìkéde gidi láti ibi iṣẹ́, kí ẹ fúnra yín kọ ìbéèrè mẹ́ta sí i, pẹ̀lú pàkúté. Ẹ gbé e fún ẹnìkejì tó ń kàwé fún ìdánwò kan náà, kí òun náà gbé tirẹ̀ fún yín. Mi ò mọ ohun tó ń tètè la ojú ènìyàn sí pàkúté tó èyí, àmọ́ ẹ yọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí ilé iṣẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó pín in.

Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò yín. Ẹ má fi pépà nìkan múra. Yíyí ojú ìwé sókè sódò lórí kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ kí ènìyàn sọ ìlà nù.

Gẹ̀ẹ́sì yín ṣì kéré gan-an. Ẹ fi ìdánwò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ka ìwé ìtàn tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀rùn, tí wọ́n to ní ìpele-ìpele fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà, títí ẹ ó fi lè ka ojú ìwé kan láìdúró ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní.

## Ọjọ́ tó ṣáájú àti ọjọ́ ìdánwò

- Ẹ má ṣe ìdánwò àpẹẹrẹ kankan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìwé àṣìṣe nìkan.
- Ẹ yẹ káàdì ìdánimọ̀ yín wò: ṣé orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá èyí tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ mu, lẹ́tà fún lẹ́tà?
- TOEIC máa ń fi gbígbọ́ ṣáájú, fún bí ìṣẹ́jú 45, kó tó kan kíkà. Ó máa ti rẹ̀ yín díẹ̀. Kí ẹ ti fi èyí dánra wò nílé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.
- Ní gbogbo ìbéèrè mẹ́wàá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé nọ́ńbà orí ìwé ìdáhùn bá ti ìbéèrè mu. Ní TOEIC, níbi tí nọ́ńbà apá kíkà ti bẹ̀rẹ̀ láti 101, ẹni tó bá fo ìlà kan ní nọ́ńbà 112 tí kò mọ̀ títí dé 180 yóò lo gbogbo àkókò tó kù láti máa pa á rẹ́.